Ibi Tí Mo Gbẹ́ Ihò Kẹrin Sí

Mo purọ́ fún obìnrin kan nípa ihò kan. Ihò náà kò fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ mi lọ, kò sì jìn ju gíga ọkùnrin mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fà jáde nínú rẹ̀ sọ fún obìnrin náà pé òkun ti dé Ajah nígbà tí yìnyín ṣì bo orí àwọn òkè ńlá ilẹ̀ adúláwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà sì ń múra láti lọ dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ń kọ èyí láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Ohun tí n kò rí, n kò ní fi kún un.

Àkókò tí wọ́n ń mú títì márosẹ̀ Lẹ́kìí gbòòrò sí i ni. Láti Oniru títí dé Ajah, kò sí ilẹ̀ tí wọn ò tú. Èmi wá láti ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun, kànga ni mo wá gbẹ́. Kànga etí òkun kò jọ ti ilé wa. Nílé, òkúta lò ń bá jà. Níbí, yanrìn ni, yanrìn kì í sì í dúró. Òrùka kọnkéré la máa ń tò lé ara wọn. Èèyàn á wà nínú rẹ̀, á máa kó yanrìn kúrò nísàlẹ̀, òrùka á sì máa rì tẹ̀lé e. Nínú àgbàlá ilé kan ní Addo, àwa méjì la wà nísàlẹ̀ nígbà tí òrùka ìdí yẹ̀. Yanrìn àti omi jọ wọlé. Ó dé ọrùn mi, ó dúró. Èkejì mi wà lábẹ́ mi. Ohun tó gbé mi dúró tí yanrìn ò fi kọjá àgbọ̀n mi, mo mọ ohun tó jẹ́, mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì dúró lé e títí àwọn òṣìṣẹ́ títì fi sáré wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Lẹ́yìn náà, n kò lè wo inú kànga mọ́. Mo lọ bá ọ̀gá kan tó ń fi irin wo ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé gíga. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé páìpù ló ń wọlẹ̀, èèyàn kì í wọlẹ̀. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ibi tó ń kó irin rẹ̀ sí, lójú ọ̀nà Addo, ibẹ̀ ni mò ń sùn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Àjíǹde. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n yára, wọ́n á ní, "Àjíǹde, dìde lẹ́ẹ̀kejì." N kò bá wọn jà. Mo kórìíra wọn ní ìdákẹ́jẹ́.

Obìnrin náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Olùkọ́ yunifásítì ni. Ọ̀kan nínú wa kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí."

"Mi ò ní ọmọ ìyá kankan níbí," ó fèsì. "Dókítà ni kẹ́ ẹ máa pè mí. Ta ni nínú yín ló lè kọ nọ́ńbà kó má ṣì í?"

Ọ̀gá tọ́ka sí mi. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì lọ ilé ẹ̀kọ́ girama díẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń kọ àmì sára páìpù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹrẹ̀ ni Dókítà ń wá, kì í ṣe yanrìn. Ó fẹ́ ẹrẹ̀ àbàtà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà yẹn, èyí kò rọrùn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, torí pé ẹ̀rọ ńlá kan wà lórí ọ̀sà tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, tó ń tú u sórí àbàtà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bi í pé ṣé epo rọ̀bì ló fẹ́ wa ni.

"Yìnyín ni mò ń wá," ó ní.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Yìnyín kẹ̀? Ẹ kàn sọdá títì. Ìyá tó ń ta ẹja tútù níbẹ̀ yẹn ní i rẹpẹtẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú igi kékeré kan, ó fa ìlà sórí ilẹ̀. Ó ní ìgbà kan wà tí òtútù mú ayé fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Omi tó yẹ kó wà nínú òkun di yìnyín, ó jókòó sórí ilẹ̀. Nítorí náà òkun fà sẹ́yìn, ó jìnnà débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá ibi tí wọ́n ń sọ pé wọ́n máa kọ́ èbúté ọkọ̀ ńlá sí, kí omi má kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Yìnyín tó pọ̀ jù wà ní ìhà àríwá ayé lọ́hùn-ún, òun ló gbé omi òkun mì. Ṣùgbọ́n àwọn òkè gíga náà ní tiwọn, títí kan àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀ níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa.

"Yìnyín orí òkè kéré," ó ní. "Kì í ṣe òun ló kún òkun. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń tètè mọ̀ bí ooru bá ti dé. Bó bá ń fà sẹ́yìn, á máa já òkúta tó gbé sílẹ̀, bí olè tó ń sá tó ń ju ẹrù. Àwọn kan ti gun orí òkè lọ, wọ́n ti mọ ìgbà tó ju àwọn òkúta yẹn sílẹ̀. Èmi fẹ́ mọ ìgbà tí omi dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọdún mélòó ló wà láàárín méjèèjì? Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán?"

Ó ní ẹni tó ń bá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ni, ẹni tó kọ́ ọ níwèé tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà gbà pé òkè ló kọ́kọ́ tú yìnyín sílẹ̀, pé ó sì pẹ́ gan-an kí omi tó gun ilẹ̀ wa. Dókítà gbà pé kò pẹ́ rárá. Mo gbọ́ nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ ní kí n lọ máa ṣeré yanrìn, sà? Ó dáa. Yanrìn náà á dá yín lóhùn." Nígbà tó gbé fóònù kúrò létí, ó rí mi. "Kí lò ń wò?"

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni pé a ó fi òòlù lu irin, irin á gbé páìpù ike wọ inú ẹrẹ̀, a ó fi ẹ̀wọ̀n fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Páìpù kan á tẹ̀lé òmíràn nínú ihò kan náà títí a ó fi dé ibi tí irin ò wọ̀ mọ́. Orí páìpù kọ̀ọ̀kan la fi rọ́bà pupa dì, ìdí rẹ̀ la fi dúdú dì, torí pé ẹrẹ̀ òkè ni ẹrẹ̀ tuntun, ti ìsàlẹ̀ ni ti àtijọ́. Bí a bá ń gbé páìpù lọ sínú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sọ pé, "Ẹ rọra o, orí ló ń ṣáájú. Ẹ má gbé òkú olókùú yípo."

Àbàtà tó wù ú wà lẹ́yìn Addo, ìdílé apẹja kan ló ni ín. Bàbá àgbàlagbà kan ni olórí wọn. Ìjẹ̀bú etí omi ló ń sọ, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tutọ́. Kò fẹ́ rí wa.

"Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó la títì ṣe wá," ó sọ fún Dókítà. "Igi tín-ín-rín ni wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní àwọn kàn ń wo ilẹ̀ ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wo oko àgbọn mi lọ."

"Bàbá, ẹrẹ̀ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ilẹ̀ yín."

"Ẹni tó bá fẹ́ ẹrẹ̀ á fẹ́ ilẹ̀ lọ́la. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló rán ọ?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbẹ̀yìn, ó gbà pé ká gbẹ́ ihò mẹ́rin, pẹ̀lú òfin kan tó jẹ́ ti ìdílé wọn láti ìgbà àwọn baba wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa di irin mú gbọ́dọ̀ wá bá a nílé ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, láìwọ bàtà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo fẹ́ kan irin mọ́ ilẹ̀ yín lónìí." Ọ̀gá rẹ̀ kò lè bá a sọ ọ́. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, òun gbọ́dọ̀ mọ ojú tí òun máa wá.

Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló di irin mú fún ihò mẹ́ta àkọ́kọ́. Èmi dúró sórí pákó, mò ń kọ nọ́ńbà. Ní ọjọ́ ihò kẹrin, wọ́n pe ọ̀gá sí iṣẹ́ mìíràn lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Dókítà sì ti lọ sí Oniru láti pàdé àwọn àlejò, àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀, tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ èmi àti òṣìṣẹ́ méjì. Mo bọ́ bàtà mi, mo lọ sílé bàbá náà.

Ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo sọ ohun tí mo wá sọ. Ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni yanrìn gbé mì ní Addo nígbà yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó pọ̀ ọ́ jáde." Ó fi eyín gé okùn. "Ohun tí ilẹ̀ bá ti tọ́ wò, tó sì pọ̀ jáde, ó ti mọ adùn rẹ̀ ná. Máa lọ. Kan irin rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé etí àbàtà, tí mo gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí pákó, ẹrẹ̀ náà gba ẹsẹ̀ mi dé orúnkún, ó sì dì í mú. Mo fà á, kò jáde. Mo pariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà ló fà mí, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. "Àjíǹde! Ẹrẹ̀ lásán nìyẹn o!"

Mo wo ẹ̀yìn wa. Níbi tí kò ju bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ, ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ti kún un. Koríko ti bò ó, igi kéékèèké ti hù níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí koríko bá ti hù lórí yanrìn tí wọ́n dà, a kì í rántí mọ́ pé wọ́n dà á ni. Ilẹ̀ la ń pè é. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ kan náà ni, pé bí irin bá la yanrìn kọjá, ẹrẹ̀ kan náà ló máa bá nísàlẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn la máa gbẹ́ ẹ," mo ní.

"Dókítà sọ pé àárín àbàtà."

"Ṣé ìwọ lo máa wọ ibẹ̀ lọ?"

Wọ́n gbé irin tẹ̀lé mi. A gbẹ́ ihò kẹrin lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yanrìn tó kún fún ìkarahun ló kọ́kọ́ jáde, ẹrẹ̀ dúdú sì tẹ̀lé e. Mo fi rọ́bà pupa sí orí, mo fi dúdú sí ìdí, mo kọ ọ́ sára páìpù pé: Ihò kẹrin, àárín àbàtà. Mo kọ ọ́ gún régé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Dókítà rí páìpù náà, ó kúnlẹ̀ tì í. "Yanrìn òkun lórí ẹrẹ̀," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Òkun ló gun orí àbàtà." Ó yíjú sí mi. "Inú àbàtà gan-an lẹ ti fà á?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi "ẹ" bá èmi nìkan sọ̀rọ̀.

"Inú àbàtà ni, Dókítà."

Ó rán ìkarahun náà lọ sí ilé àyẹ̀wò ní òkè òkun. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohunkóhun tó bá ti wà láàyè rí ní ohun kan nínú tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú, pé wọ́n á wọn èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n á sì mọ bó ṣe pẹ́ tó. Oṣù púpọ̀ kọjá. Mo gbàdúrà kí ìkarahun náà sọnù lọ́nà.

Kò sọnù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dókítà wọ àgbàlá wa pẹ̀lú omi ọsàn nínú páálí fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìkarahun náà ti dàgbà gan-an. Ó dàgbà ju òkúta tí yìnyín jù sílẹ̀ lórí òkè lọ. "Ìyẹn ni pé omi ti dé ibí kí òkè tó tú yìnyín rẹ̀ sílẹ̀," ó ní. Ojú rẹ̀ ń dán. "Kì í ṣe pé kò pẹ́ nìkan. Omi ló ṣáájú! Ọ̀jọ̀gbọ́n mi á jókòó síwájú, mo sì máa dúró lórí pèpéle, mo máa ní, ẹ kú ìjókòó, sà. Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti rí ojú ihò kẹrin kí ìpàdé àwa onímọ̀ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú wa lọ síbẹ̀."

Èmi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ń fi gírísì pa ẹ̀wọ̀n.

"Ta ló kú?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ilé wo ló wó?"

"Kò sí."

"Yìnyín tó ti yọ́ kí wọ́n tó bí baba ńlá baba wa, òun lo fẹ́ torí rẹ̀ ba iṣẹ́ mi jẹ́? Bó o bá lanu, kó ẹrù ẹ kúrò ní yàrá mi. Mú wọn lọ sínú àbàtà, tọ́ka síbi kan. Omi ti dí ojú ihò, ta ló máa mọ̀?"

Ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Láti tọ́ka síbi kan nínú àbàtà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn ènìyàn lẹ́yìn mi, kí n máa fi ọwọ́ sọ pé níbí ni mo dúró sí. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe inú rere ló mú mi lọ bá obìnrin náà. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù irọ́ kẹta ló bà mí, ẹ̀rù pé bí mo bá pa á, màá máa wà lórí rẹ̀ títí, kò sì sẹ́ni tó máa fi ṣọ́bìrì wa èyí.

Ilé àlejò kan ní Ajah ló wọ̀ sí. Mo bá a ní ẹnu géètì ní àárọ̀, ó ń kó ìwé sínú ọkọ̀.

"Dókítà, ihò kẹrin kò sí nínú àbàtà."

"Kí ni?"

"Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún ni. Ó fi bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ jìnnà sí àbàtà. Ẹ̀rù ẹrẹ̀ ló bà mí."

Kò pariwo. Ó gbé ìwé náà sórí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Yanrìn tí ẹ̀rọ yẹn fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé e wá sórí ti tuntun. O mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ẹ ni wọ́n ṣe é."

"Koríko ti hù níbẹ̀, mo rò pé…"

"Koríko!" Ní báyìí ló pariwo. Mẹ́gàdì yọjú. "Ìkarahun yẹn sọ ọjọ́ orí ẹ̀, kò sì purọ́. Ìwọ lo purọ́ nípa ilé tó ń gbé. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo bi ẹ́!"

Ẹ̀ẹ̀kan ló bi mí, ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn ẹnu géètì. Ó ní kí n dìde, pé òun kì í ṣe ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wọ ọkọ̀.

Ilé bàbá apẹja náà ló wa ọkọ̀ gbé mi lọ tààrà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé, ohun tí kò ṣe rí. Ó sọ pé àwọn fẹ́ gbẹ́ ihò kan sí i, pé ti kẹrin bà jẹ́.

"Mo mọ̀," bàbá náà ní. "Mo rí wọn lọ́jọ́ náà láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbẹ́ ẹ síbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀."

"Ẹ rí wọn, Bàbá? Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ta ló bi mí? Ìgbà tó o dé, ẹrẹ̀ lo ní o fẹ́. O ò ní o fẹ́ ọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ. Ihò mẹ́rin ni mo fún yín nínú àbàtà mi, ẹ ti lo mẹ́ta. Ọ̀kan ṣì kù. Ìwọ ló wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìwọ náà ló máa di irin mú. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan irin yẹn, ẹ máa lọ."

"Bàbá, ó ń bẹ̀rù," Dókítà ní.

"Kó máa bẹ̀rù nínú ẹrẹ̀. Èmi náà ń bẹ̀rù yín, mo sì ń gbé láàárín yín."

Ọ̀gá kọ̀, kò yá wa ní òòlù rẹ̀. Dókítà yá ti ẹlòmíràn. Òun àti òṣìṣẹ́ kan ló dúró sórí pákó ní ọjọ́ kejì, èmi sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ lẹ́yìn tí mo tún ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá náà láìwọ bàtà. Ó gbà mí dé itan, ó gbà mí dé ìbàdí. Mo di irin mú bí wọ́n ṣe ń lù ú láti òkè, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo bì. Mo sunkún pẹ̀lú, n kò ní fi pamọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà lókè kò pè mí ní Àjíǹde lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ń ka páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan fún mi. Àfi nígbà tí mo ní n kò lè ṣe é mọ́, ó ní, "Ó ku méjì," gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sọ iye ata. A fa méjèèjì jáde. Nínú èyí tó kẹ́yìn, gbòǹgbò igi ẹ̀gbà wà níbẹ̀, igi etí omi iyọ̀, ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́.

Àwọn àlejò dé, wọn ò rí ojú ihò kankan. Dókítà sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ní àbùkù. Ó ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ìpàdé náà síwájú, kí àbájáde gbòǹgbò náà lè dé. N kò sí níbi tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó jáde.

Ọ̀gá lé mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti ń gbé nínú ilé pákó kan lọ́nà Badore nígbà tí Dókítà wá mi débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kò jókòó. Ó ní àbájáde gbòǹgbò náà ti dé. Igi yẹn hù nígbà tí omi iyọ̀ kọ́kọ́ gun ilẹ̀ wa, ó sì kéré lọ́jọ́ orí gan-an ju òkúta orí òkè lọ. Yìnyín òkè ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni omi tó dé ẹ̀yìn Addo. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà náà ṣe sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ló rí.

"Mo dúró níwájú wọn, mo sọ ọ́," ó ní. "Mo ní èmi ló ṣì í. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi dìde, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun nìkan ló dìde."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dókítà."

"Ká ní mo sọ ti àkọ́kọ́ yẹn, láàárín ọdún kan, ẹlòmíràn á ti wá gbẹ́ ibẹ̀, n ò ní lè kọ́ ẹnikẹ́ni níbì kankan mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. O gbà mí sílẹ̀." Ó wo ilé pákó náà yíká, ó wo orí ẹní mi. "Mo wá sọ ọ́ fún ẹ torí pé ó yẹ kẹ́nì kan sọ ọ́ fún ẹ. Mi ò sì fẹ́ rí ojú ẹ mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Ó jáde, ó fò kòtò ojú ọ̀nà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò tètè wa ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi lọ, torí pé n kò mọ̀ bóyá ó ṣì ní ohun tó fẹ́ bi mí, mo sì ti pinnu pé ohun yòówù kó jẹ́, òótọ́ ni màá fi dá a lóhùn. Kò bi mí ní nǹkan kan.